Àgbà Wà Lọ́jà, Orí Ọmọ Wọ́: Ìtàn Kate àti Maggie Fox

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí dán òwe náà wò gidigidi. Ogójì ọdún ni irọ́ inú rẹ̀ fi rìn. Ọjọ́ tí òtítọ́ bá a, gbangba ni, lójú ọ̀pọ̀ èrò. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn wo òtítọ́ lójú, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ọmọdé méjì ni ó bẹ̀rẹ̀ irọ́ ọ̀hún, eré ni wọ́n sì fi ṣe. Àwọn tí ó sọ ọ́ di ẹ̀sìn, tí wọ́n sọ ọ́ di òwò, tí wọ́n sì fi so àwọn ọmọ náà mọ́lẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó, àgbà ni gbogbo wọn.

Ní oṣù kejìlá, ọdún 1847, alágbẹ̀dẹ kan tí ń jẹ́ John Fox kó ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin wọn méjì tí ó kéré jù lọ wá sí ilé kékeré kan ní abúlé Hydesville, ní ìpínlẹ̀ New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n. Maggie tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tó nǹkan bí ọmọ ọdún 14, Kate àbúrò rẹ̀ tó nǹkan bí 11. Ìgbà òtútù ni, yìnyín bo ilẹ̀, kò sì sí ohun púpọ̀ tí ọmọdé lè fi ṣeré ní irú abúlé bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, ọdún 1848, ariwo kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ilé lóru: kó, kó, kó, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá wá gbogbo igun ilé, kò rí nǹkan kan. Ìyá kò rí oorun sùn mọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù náà, ìdílé Fox tètè wọlé sùn, gbogbo wọn nínú yàrá kan. Ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Kate dìde jókòó, ó ta ìka, ó sì pàṣẹ fún ẹni tí ń kàn án pé kí Ẹlẹ́sẹ̀ Lílà ṣe bí òun ti ṣe. Sátánì ni wọ́n máa ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè níbẹ̀, nítorí wọ́n ní pátákò ẹsẹ̀ rẹ̀ là bíi ti ewúrẹ́. Iye ìgbà tí Kate ta ìka ni ohun tí a kò rí náà kàn. Maggie pàtẹ́wọ́, ó tún dáhùn. Nígbà náà ni Kate sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá wọn fúnra rẹ̀ kọ sínú ẹ̀rí tí ó ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà. Ọmọ náà rán ìyá rẹ̀ létí pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni ilẹ̀ ọ̀la yóò mọ́ sí, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn fi ń tan ara wọn jẹ, àti pé ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ni ó ń fi àwọn ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ọmọ tí ó ṣe àṣìlò eré máa ń wá ọ̀nà tí yóò gbà jáde kí wọ́n tó nà án, ilẹ̀kùn tí Kate ṣí sílẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà nìyẹn. Bí ìyá rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, tàbí tí ó bú u, tí ó sì ní kí ó padà sùn, ìtàn náà ì bá ti parí sórí ibùsùn. Ṣùgbọ́n ìyá kò gba ẹnu ilẹ̀kùn náà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi ohun tí a kò rí ní ìbéèrè. Ó ní kí ó kan iye ọdún àwọn ọmọ òun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kan ti èkíní, ó dákẹ́. Ó kan ti èkejì, ó dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe títí ó fi kan gbogbo wọn tán. Ó wá dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó kàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mẹ́ta ni ọdún àbígbẹ̀yìn wọn nígbà tí ó kú.

Ẹni tí ó bá ti sin ọmọ rí yóò mọ ohun tí ìkàn mẹ́ta yẹn ṣe nínú ìyá náà. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ni ó mọ ọjọ́ orí ọmọ tí ó kú, nínú àwọn tí ó wà nínú yàrá yẹn. Àwọn ọmọdébìnrin méjèèjì mọ̀ ọ́n, àbúrò wọn ni.

Wọ́n pe àwọn aládùúgbò ní òru ọjọ́ náà. Ìbéèrè pọ̀ sí i, ìdáhùn náà sì pọ̀ sí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iwin náà ti ní ìtàn. Ó ní ọkùnrin tí ń kiri ọjà ni òun, ẹni ọdún 31, pé òun fi ìyàwó àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀, pé wọ́n pa òun nítorí owó nínú ilé yìí gan-an, tí wọ́n sì sin òun sí àjà-ilẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ojú tí abúlé fi ń wo àwọn ọmọ náà yí padà. Wọn kì í ṣe ọmọ aláìgbọràn tí kò jẹ́ kí àgbà sùn mọ́. Wọ́n ti di olùrànlọ́wọ́ òkú: ọkùnrin kan kú ikú oró, kò ní ibojì, kò ní ẹni tí yóò gba ẹ̀san rẹ̀, àfi àwọn ọmọ méjì yìí tí ó fi ṣe ẹnu.

Ohun rere ni kí ènìyàn ran òkú lọ́wọ́, bí kò bá ti pa alààyè lára. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí ó ti gbé inú ilé náà rí di ẹni tí gbogbo ìlú ń nàka sí pé òun ni apànìyàn. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ní láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé láti jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Kò sí ẹjọ́ tí ìjọba pè é, kò sì sí ẹ̀rí kankan lòdì sí i ju kó, kó, kó. Wọ́n gbẹ́ àjà-ilẹ̀ náà, omi ni ó sun jáde. Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, wọ́n tún gbẹ́ ẹ, wọ́n ní àwọn rí irun àti eegun díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò rí òkú oníkìíri ọjà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé fi ṣeré ti di ẹ̀sùn ìpànìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ti kọjá ohun tí ọmọ ọdún 11 lè dìde kí ó sọ pé òun ni.

Ibí ni ẹ̀gbọ́n wọn àgbà wọ inú ìtàn. Leah ni orúkọ rẹ̀, ó fi nǹkan bí ogún ọdún ju Maggie lọ, ó ń gbé ní ìlú Rochester, ọkọ rẹ̀ ti fi í sílẹ̀, kíkọ́ àwọn ènìyàn ní dùùrù ni ó fi ń jẹun. Ó kó àwọn àbúrò rẹ̀ sọ́dọ̀. Ìkàn náà tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Wọ́n wá ọgbọ́n kan dá sí i: ẹnì kan yóò máa ka lẹ́tà a, b, d lọ ní ohùn òkè, bí ó bá dé orí èyí tí òkú fẹ́, ìkàn yóò dún, wọn yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ títí yóò fi di ọ̀rọ̀.

Kí a má ṣe rò pé òmùgọ̀ ni àwọn tí ó kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Isaac àti Amy Post wà lára wọn, tọkọtaya ọmọ ìjọ Quaker ní Rochester. Ilé wọn ni àwọn ẹrú tí ó sá kúrò ní ìhà gúúsù máa ń fara pamọ́ sí, Amy sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n kọ ní Seneca Falls ní oṣù keje ọdún 1848 kan náà. Àwọn ènìyàn tí ó lójú àánú ni. Àwọn náà ti sin ọmọ. Àsìkò náà sì ti mú kí ìyanu dà bí ohun tí ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 1844 ni Samuel Morse fi wáyà ránṣẹ́ láti Washington sí Baltimore, tí ìkàn kéékèèké ń di ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí irin tẹ́ẹ́rẹ́ bá lè gbé ọ̀rọ̀ kọjá odò àti igbó, àwọn ènìyàn bi ara wọn pé kí ni yóò dí ọ̀run lọ́wọ́ láti tẹ wáyà sí ayé. Nígbà tí àwọn abókùúsọ̀rọ̀ dá ìwé ìròyìn ti ara wọn sílẹ̀ ní ọdún 1852, The Spiritual Telegraph ni wọ́n pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí wáyà àwọn ẹ̀mí.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kọkànlá, ọdún 1849, wọ́n gbé Maggie àti Leah sórí pèpéle ní gbọ̀ngàn Corinthian Hall ní Rochester. Nǹkan bí 400 ènìyàn ni ó wá, sẹ́ǹtì 25 ni owó ìwọlé. Wọ́n yan ìgbìmọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn láti wá àṣírí ìkàn náà. Àwọn obìnrin inú ọ̀kan lára wọn bọ́ Maggie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ láti wá ohun tí wọ́n fi pamọ́. Wọn kò rí nǹkan kan. Kò sí nǹkan kan lára aṣọ. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ni wọ́n ń bọ́ láṣọ kí àgbà lè mọ̀ bóyá òkú wà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, bí wọ́n ti ń kan òkú ni wọ́n ń ka owó.

Ní ọdún 1850, àwọn ọmọbìnrin Fox dé ìlú New York, ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sí ọwọ́ Horace Greeley, olóòtú ìwé ìròyìn New York Tribune, ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn tí ohùn wọn lágbára jù ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù keje ọdún 1849, àrùn onígbáméjì pa ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ. Nínú ọmọ méje tí ìyàwó rẹ̀ bí, méjì péré ni ó dàgbà. Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, àbíkú ni a ó pè é, a ó sì ti mọ ẹni tí a ó ké sí. Greeley ké sí Kate Fox. Ó mú ọmọ náà sí ilé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń retí ọ̀rọ̀ láti ẹnu ọmọ tiwọn tí ó ti lọ. Ó tún lo ìwé ìròyìn rẹ̀ láti jẹ́rìí fún gbogbo ayé pé àwọn ọmọbìnrin náà kì í ṣe ẹlẹ́tàn.

Iṣẹ́ ìròyìn ni èmi náà ti bá bọ̀, nítorí náà mo máa ń ronú púpọ̀ nípa Greeley. Kò purọ́. Ohun tí ó rò pé òun rí ni ó kọ. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí a kọ́ wa nínú iṣẹ́ yẹn ni pé kí akọ̀ròyìn má ṣe jẹ́ kí ohun tí ó ń dùn ún di gègé ọwọ́ rẹ̀. Bàbá tí ń ṣọ̀fọ̀ ni ó kọ ìròyìn náà; àwọn tí ó kà á rò pé olóòtú ni.

Òtítọ́ kò sì pẹ́ dé rárá, bí a bá fẹ́ sọ bí ó ti rí. Ní oṣù kejì, ọdún 1851, àwọn oníṣègùn mẹ́ta ní ìlú Buffalo yẹ Maggie àti Leah wò. Wọ́n ní kí wọ́n na ẹsẹ̀, kí gìgísẹ̀ wọn wà lórí tìmùtìmù, ìkàn dákẹ́. Wọ́n di orúnkún wọn mú, ìkàn dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé oríkèé ara ni ó ń dún. Ní oṣù kẹrin ọdún kan náà, obìnrin kan tí ó jẹ́ àna ìdílé wọn jẹ́rìí pé Kate fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ṣe é. Ọdún kẹta péré ni òtítọ́ ti kan ilẹ̀kùn. Àwọn tí ó wà nínú ilé ni kò dá a lóhùn. Ẹni tí ó ti bá ọmọ rẹ̀ tí ó kú sọ̀rọ̀ ní alẹ́ àná kò ní fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàfàlà nítorí orúnkún.

Nítorí náà ni ìkàn Hydesville ṣe ń ràn bí iná ọyẹ́. Ní ọdún 1854, ènìyàn tí ó lé ní 10,000 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ pé kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀mí. Àwọn aṣòfin fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé e fún ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí ó yá, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ọ̀dọ́mọkùnrin kú sí ojú ogun tí ìyá wọn kò rí òkú wọn sin. Ní oṣù kejì ọdún 1862, Willie, ọmọ Ààrẹ Abraham Lincoln, kú ní ẹni ọdún 11. Ìyá rẹ̀ pe àwọn abókùúsọ̀rọ̀ wá sí ilé ìjọba gan-an. Ẹ̀rín àwọn aṣòfin kò dé ibi tí ó ń dun ìyàwó Ààrẹ.

Ìkàn náà sọdá òkun pẹ̀lú. Àwọn ará Faransé gba àṣà bíbá ẹ̀mí sọ̀rọ̀ lórí tábìlì láti Amẹ́ríkà, olùkọ́ kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Allan Kardec sì sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1857. Ẹ̀kọ́ náà wọ Cuba àti Brazil, ó sì bá àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ níbẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àwọn olórìṣà ní Havana a máa jókòó yí tábìlì ká láti bá òkú sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ṣe orò òrìṣà fún ẹni tuntun. Ní Brazil, nínú Umbanda tí ó da ti Kardec pọ̀ mọ́ ti àwọn baba wa, ẹ̀mí ọmọdé máa ń gun ènìyàn, a máa tọrọ dídùn, a máa pani lẹ́rìn-ín, a sì máa tu àwọn tí ó wà ní ìdààmú nínú. Wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ Ìbejì, erê sì ni orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Yorùbá wo ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí eré?

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó ṣe eré àkọ́kọ́? Maggie fẹ́ràn Elisha Kent Kane, oníṣègùn tí ó gbajúmọ̀ nítorí ìrìn àjò rẹ̀ sí ilẹ̀ yìnyín. Kane bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ìkàn sílẹ̀, ó rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Maggie gbà. Ṣùgbọ́n Kane kú ní Havana ní ọdún 1857, àwọn ẹbí rẹ̀ kò sì gbà pé ìyàwó rẹ̀ ni Maggie. Kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ó padà sídìí òkú, ó sì padà sídìí ọtí. Kate fẹ́ agbẹjọ́rò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1872, ó bí ọmọkùnrin méjì, ọkọ rẹ̀ kú ní 1881. Òun náà ti ń mutí láti ìgbà èwe. Ní ọdún 1888 ní New York, wọ́n gba àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọtí náà.

Ìgbà náà ni ọkàn Maggie gbóná. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹwàá, ọdún 1888, ìwé ìròyìn New York World gbé ìjẹ́wọ́ rẹ̀ jáde. Ó ní okùn ni àwọn kọ́kọ́ so mọ́ èso ápù, tí àwọn ń gbé e sókè sódò kí ó máa lu ilẹ̀, láti fi dẹ́rù ba ìyá àwọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn kọ́ bí a ṣe ń mú oríkèé ọmọ ìka ẹsẹ̀ dún. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, ó gun orí pèpéle ní Academy of Music, ó bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí pákó kékeré, kó, kó, kó sì dún yí gbọ̀ngàn ńlá náà ká. Àwọn oníṣègùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n jẹ́rìí sí i. Kate jókòó ní òkè, ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Leah ni Maggie di ẹ̀bi náà rù: ó ní ọmọdé ni àwọn, ẹ̀gbọ́n àwọn ni ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn tí ó gbàgbọ́ ní ọtí ni ó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi gba ọ̀rọ̀ obìnrin yìí gbọ́ nígbà tí ó ń purọ́. Ọjọ́ tí ó sọ òtítọ́ ni wọ́n tó rí i pé ọ̀mùtí ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1889, Maggie tún kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, ó ní àìlówó lọ́wọ́ ni ó sún òun sọ ọ́. Wọ́n ti fi owó ra irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, wọ́n fi owó ra òtítọ́, ìgbà tí owó tán, kò sí ohun tí ó kù tí ó lè fi ẹnu náà ṣe. Leah kú ní 1890, Kate ní oṣù keje 1892, Maggie ní oṣù kẹta 1893. Àwọn méjèèjì tí ó kéyìn yìí kú nínú òṣì. Ní ọdún 1916, àwọn onígbàgbọ́ gbé ilé Hydesville lódindi lọ sí Lily Dale kí àwọn èrò lè máa bẹ̀ ẹ́ wò. Iná jó o ní ọdún 1955.

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń bèèrè bóyá iwin wà tàbí kò sí. Èmi kò rò pé ìbéèrè náà ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí ó gbà pé òkú a máa gbọ́ ọ̀rọ̀ lè gbà bẹ́ẹ̀ láìsí Kate Fox. Sọ́ọ̀lù ti tọ abókùúsọ̀rọ̀ Ẹ́ńdórì lọ kí wọ́n tó bí i. Ohun tí ó ká mi lára ni alẹ́ ọjọ́ 31, oṣù kẹta, nígbà tí ọmọ ọdún 11 sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní ọjà Hydesville: ìyá wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n, olóòtú ìwé ìròyìn, oníṣègùn, aṣòfin, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ohun tí olúkúlùkù ń wá lẹ́nu ọmọ náà ni ó ń wò, kò sí ẹni tí ó wo ọrùn rẹ̀.

Ọmọ kan lè wá bá wa lọ́la tí yóò ní òun rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí. Ó lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ àlá, ó lè jẹ́ àrékérekè ọmọdé. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí a bi í léèrè pẹ̀lú sùúrù. Kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ mú ẹnikẹ́ni ní ọ̀daràn, kí a má ṣe gbé e síwájú èrò, kí a má ṣe gba sẹ́ǹtì kan lórí rẹ̀. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé lóru ọjọ́ kan ó wò wá lójú, tí ó ní bóyá eré lásán ni, kí a gbà á gbọ́, kí a sì jẹ́ kí ó lọ sùn.